Wọ́n Ń Jí Ọmọ Kó Lè Sùn

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́ nídìí omi ẹ̀rọ: wọ́n ní èmi ni mò ń jẹ oorun ọmọ ọmọ mi. Kì í ṣe ẹran, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ o, oorun ni. Àjẹ́ ilé onílé a máa jẹ nǹkan tó ní láárí, tèmi wá jẹ́ èyí tí oorun ọmọ ọdún mẹ́rin tẹ́ lọ́rùn. Ẹ gbọ́ nǹkan! Èmi Leah, ìyá Lazarus, tí mo tọ́ ọmọ márùn-ún dàgbà, tí kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kì í sùn títí àkùkọ á fi kọ.

Lazarus ni àbígbẹ̀yìn mi. Mòníyà ló ń gbé, ó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Motúnráyọ̀ ìyàwó rẹ̀, tíṣà ni, ó kàwé títí ó fi gba NCE. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1993, wọ́n gbé Motúnráyọ̀ lọ sí ilé-ìwé kan tó jìnnà lọ́nà Ọ̀yọ́, kò wá sí ẹni tí yóò máa mú Ìyanuolúwa, ọmọ wọn kan ṣoṣo, bọ̀ láti jéléósinmi. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí mi lóko wa lẹ́bàá Akínyẹlé. Ọmọdé ń pe àgbà, kí ni n ó ti ṣe? Mo fi ẹ̀gẹ́ mi sílẹ̀ fún ewúrẹ́ gbogbo abúlé, mo di ẹrù, mo gun ọ̀kadà.

Bí mo ṣe máa ń mú ọmọ sùn kì í ṣe awo. Bí ó bá ti di aago mẹ́fà, oúnjẹ. Mi ò fẹ́ gbọ́ pé bàbá rẹ̀ kò tíì dé. Ọmọ tó bá jẹ ẹ̀bà ní aago mẹ́sàn-án, ikùn rẹ̀ ni yóò máa bá sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Lẹ́yìn oúnjẹ, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, òrí díẹ̀ lẹ́yìn àti ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó tọ̀, ó wọ aṣọ gbígbẹ. N ó yí fìtílà wálẹ̀, n ó dùbúlẹ̀ tì í lórí ẹní, n ó máa kì í ní Àjàní, oríkì tí èmi fúnra mi sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni n ó pa ààlọ́ ajá tó sùn lọ́nà ilé àna rẹ̀. Ààlọ́ kan náà ni lálaalẹ́ o. Bí mo bá dán an wò kí n yí i padà, á ní irọ́ ni mò ń pa. Ọmọdé ò fẹ́ tuntun nígbà tí oorun bá ń kùn ún, ohun tó ti mọ̀ ló ń fẹ́. Kí ajá tó rí òrùlé àna rẹ̀, Àjàní ti lọ.

Òótọ́ ni pé ó máa ń jí lẹ́ẹ̀kan lóru. Ó fẹ́ tọ̀ ni. N ó gbé e sórí póò, n ó fọwọ́ gbá a lẹ́yìn díẹ̀, ó ti padà sùn. Bí gbogbo ọmọ aráyé ṣe ń ṣe nìyẹn, títí kan ọmọ ọba.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Mahfuz gba bọ́ọ̀lù Ìyanuolúwa. Mahfuz jẹ́ ọmọ Hàjàrá tó ń ta kẹrosíìnì. Ilé kan náà la jọ ń gbé, ògiri yàrá ló pín wa. Àwọn méjèèjì jà, wọ́n sunkún, ìyá Mahfuz gbá a létí, ọ̀rọ̀ parí. Lójú tèmi ni ó parí o. Lóru, ọmọ kígbe lójú oorun: "Bọ́ọ̀lù mi dà? Mi ò ṣeré mọ́!"

Motúnráyọ̀ já wọlé, ó tan iná tọ́ọ̀ṣì sí i lójú.

"Màmá, ta ló ń bá ọmọ mi ṣeré?"

"Mahfuz ni."

"Mahfuz ń sùn ní yàrá wọn, Màmá."

"Ìyanu náà ń sùn kí o tó tan tọ́ọ̀ṣì."

Ó gbé ọmọ mọ́ra. Ó ti mọ ohun tó ń ṣe ọmọ rẹ̀: ẹgbẹ́ ọ̀run ni. Ẹni tó gba NCE ni mò ń sọ o, tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìmọ̀ ìlera. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ó ti wà lọ́dọ̀ wòlíì.

Wòlíì Ọlọ́runyọmí ni wọ́n ń pè é, ọmọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì pinnu bóyá òun fẹ́ hù. Lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń la pákó ni ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà. Kí ẹ má baà ṣì mí gbọ́, èmi kì í ṣe kèfèrí. Inú ìjọ Aládùúrà ni wọ́n ti rì mí bọmi, mo sì ti ń wọ aṣọ funfun kí wọ́n tó já wòlíì yìí lẹ́nu ọmú. Mo mọ adùn àdúrà. Ṣùgbọ́n mo mọ adùn oorun náà.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ó wá sílé wa. Ó dijú, ó gbọnrí, ó ní òun rí wọn.

"Aago méjìlá òru àti aago mẹ́ta ni wọ́n ń wá pè é ṣeré," ó ní. "Ẹ gbọ́dọ̀ ṣíwájú wọn. Ẹ jí i kí wọ́n tó dé."

"Wòlíì, ẹ ní kí wọ́n jí i kí àwọn yẹn má baà jí i?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Màmá. Ẹ ṣeun."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Ó rò pé ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Ó wá ka iṣẹ́ sílẹ̀ fún wọn: kí wọ́n gbé ọmọ dìde, kí wọ́n fi omi àdúrà tútù bọ́ ọ lójú kí wọ́n sì fi fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n gbọn agogo lẹ́ẹ̀meje lókè orí rẹ̀, kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ nígbà mẹ́ta. Ọmọ fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jẹ́, kó lè dájú pé ó ṣì wà láyé. Bí kò bá jẹ́, kí wọ́n tún gbọn agogo. Ọjọ́ mọ́kànlélógún gbáko.

Alẹ́ ọjọ́ kìíní, ọmọ ń hanrun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà tí agogo dún. Èmi tí mo mọ̀ pé ó ń bọ̀, àyà mi já, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ọmọ. "Ìyanuolúwa!" Ó lẹ̀ mọ́ mi láyà. "Ìyanuolúwa!" Ó bú sẹ́kún. "Ìyanuolúwa!" Omi tútù balẹ̀ sí i lójú. "Mà!" Halelúyà, ọmọ ṣì wà láyé. Sàníù, ọkọ Hàjàrá, lu ògiri láti yàrá tiwọn, ó ní nítorí Ọlọ́run, ṣé ilé ń jó ni?

Kí ọmọ náà tó sunkún tán, kí ó tó gbọ̀n tán, kí n tó rí oorun kó padà sójú rẹ̀, aago mẹ́ta ti lù. Agogo tún dún.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, nǹkan yí padà. Ọmọ tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sórí ẹní bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Kò gbọ́ ààlọ́ mọ́, etí ni ó ń tẹ́ sí ẹnu ọ̀nà. Ọmọ́ṣọlá, ọmọbìnrin tó ń kọ́ wọn ní jéléósinmi, mú un fà lé mi lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ní, "Màmá, láti òwúrọ̀ ni ó ti forí lé bẹ́ǹṣì. A kọrin, a pàtẹ́wọ́, kò gbọ́. Ṣé ó ń sùn nílé ṣá?" Mo délé, mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún Motúnráyọ̀ bí wọ́n ṣe rán mi. Ó káwọ́ lérí. Ó ní, "Ẹ ò rí i bí, Màmá? Wọ́n ti ń gbé e lọ lọ́sàn-án báyìí!"

Àwọn òbí náà kò sàn jù ú. Motúnráyọ̀ bu iyọ̀ sínú tíì ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ mu ún tán, kò mọ̀. Lazarus fi irin gbígbóná tó fi ń jó òjé mọ́ rédíò jó ara rẹ̀ níka méjì. Ilé tí ẹnì kan ṣoṣo ti ń jí lóru láti tọ̀ ti di ilé tí gbogbo ènìyàn ti ń tòògbé lọ́sàn-án. Iṣẹ́ wòlíì ń jẹ́, kò sí àní-àní.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹtàlá, bátìrì aago aláàmù kú. Aláàánú ni bátìrì yẹn. Àwọn tọkọtaya sùn bí ẹni kú, ọmọ sùn, èmi náà sùn. Òòrùn ti wọ yàrá nígbà tí Ìyanuolúwa lajú, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní ebi ń pa òun. Mo gbé e lọ bá wọn bí ẹni gbé ẹ̀bùn lọ. Mo ní, "Ẹ wò ó. Ẹnikẹ́ni ò jí i, òun náà ò jí. Ṣé ẹ rí ohun tí mò ń sọ?"

Motúnráyọ̀ pariwo. Ó ní àwọn ti já àdúrà. Wòlíì ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Mo bínú lọ́jọ́ náà, mi ò purọ́. Mo sọ̀rọ̀ sí Lazarus bí mi ò ti sọ̀rọ̀ sí i láti ìgbà tó ti gbéyàwó. Mo ní kí ó wo ojú ọmọ rẹ̀ bó ti jìn wọnú, kí ó wo ọrùn rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ajá, ajá á ya wèrè. Ó kàn ń sọ pé, "Ìyá, ẹ ṣe sùúrù, Ìyá." Mo ṣe sùúrù. Ohun tí sùúrù mi bí ni mò ń sọ fún yín yìí.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún kejì pé, ọmọ kò sùn, wòlíì sì nílò ẹni tí yóò dá lẹ́bi. Ta ló kù? Agogo? Ó wá, ó jókòó sórí àga Lazarus, ó tún dijú.

"Mo rí ìyá àgbà kan," ó ní. "Ó máa ń dùbúlẹ̀ ti ọmọ yìí. Ó máa ń fi ohun funfun kan pa á lára. Ó máa ń fi orúkọ kan pè é tí kì í ṣe orúkọ tí ìjọ sọ ọ́. Nígbà tó bá pè é bẹ́ẹ̀ tán ni ẹ̀mí rẹ̀ ń kúrò lára."

Ìran ńlá! Ó rí òrí tó wà lójú fèrèsé, níbi tí ọmọdé ẹsẹ̀ ọ̀nà lè rí i. Ó rí Àjàní tí gbogbo ilé ń gbọ́. Mo wo Motúnráyọ̀, ó gbójú kúrò. Òun ló ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Mo wo Lazarus, ilẹ̀ ló ń wò. Lazarus tí mo pọ̀n títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń wọ́lẹ̀ lẹ́yìn mi! Ó ní, "Ìyá, ọjọ́ méje péré ni wọ́n ní kí ẹ lọ fún. Ká kàn fi dán an wò." Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹnu wo ni n ó fi jà? Bí mo bá pariwo, wọ́n á ní ẹ̀mí náà ló ń pariwo. Mo dákẹ́, wọ́n ní mo mọ ohun tí mo ṣe.

Ètò ọjọ́ méje yẹn rèé. Èmi yóò padà sóko. Tọkọtaya yóò máa sùn ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn yóò máa fi gbogbo òru bá mi jà. Ọmọ kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀ nítorí pé ogun náà á gbóná jù fún un. Ọ̀dọ̀ Hàjàrá ni wọ́n fi í sí.

Kí n tó gun ọ̀kadà, mo yà lọ bá Hàjàrá. Mo ní kí ó bá mi tètè fún un lóúnjẹ, kí ó fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ ẹ́, kí ó jẹ́ kó tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jí i.

"Ìyá Lazarus," Hàjàrá ní, "ṣé ó ku ẹni tí wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sùn ni? Bí a bá ti kírun Ìṣáì nílé yìí, àwọn ọmọ mi, Mahfuz àti Àsmá'ù, ti ṣubú lulẹ̀. Á bá wọn ṣubú ni."

Ó bá wọn ṣubú lóòótọ́. Odindi ọjọ́ méje, láàárín Mahfuz àti Àsmá'ù lórí ẹní kan ṣoṣo, kò sí agogo, kò sí omi tútù. Nígbà tí mo padà dé ní ọjọ́ kẹjọ, ọmọ tó sáré pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún, ojú rẹ̀ ti mọ́ rekete. Mo gbé e, mo jó. Mo rò pé ìwòsàn ti dé, pé ẹni tó lójú á rí i.

Wọ́n rí i. Wòlíì wà ní pálọ̀, ó fẹ́ bá wọn múra ìdúpẹ́ ọjọ́ Sunday. Motúnráyọ̀ ń sunkún ayọ̀. Ó ní, "Màmá, alẹ́ ọjọ́ tí ẹ kúrò gan-an ni ó sùn!" Ẹ̀rí wo ni wọ́n tún ń wá?

Mo ní, "Ẹ bi Hàjàrá bóyá ẹnì kan gbọn agogo ní yàrá tiwọn."

Wòlíì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ṣé ẹ gbọ́? Agogo ló ń bá jà. Ẹ̀mí yìí kò fẹ́ ìró agogo rárá." Ó ní bí mo bá fi lè tún sùn nínú ilé náà, ọjọ́ mọ́kànlélógójì ni wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀, láti alẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹta lóru. Àfi bí mo bá fẹnu ara mi sọ pé mo fi ọmọ sílẹ̀. Ó sì fa agogo yọ nínú àpò rẹ̀, ó gbé e ka orí tábìlì.

Agogo náà kò tíì dún dáadáa o. Ó kàn ró fẹ́ẹ́rẹ́ bó ṣe ń gbé e kalẹ̀ ni. Ìyanuolúwa tó wà lẹ́sẹ̀ mi wárìrì, ó di aṣọ mi mú, ìtọ̀ gbígbóná sì ṣàn sí mi lẹ́sẹ̀. Ó ń sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Mà, mà, mà." Ó ń jẹ́ ìpè tí ẹnikẹ́ni kò tíì pè.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò sílẹ̀ lóko fún odindi ọ̀sẹ̀ kan pòórá lẹ́nu mi. Mo ti ní kí n sọ ti bátìrì, kí n sọ ti bọ́ọ̀lù Mahfuz, kí n sọ ti ọmọ márùn-ún tí mo tọ́. Mo wá rí i pé bí mo bá jàre, ọmọ ni yóò jìyà rẹ̀, láti alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ẹ̀ẹ̀mẹta lóru.

Mo ní, "Ó dáa. Èmi ni."

Wòlíì alára sún sẹ́yìn lórí àga. Ó dà bíi pé òun fúnra rẹ̀ kò gbà á gbọ́ tó bẹ́ẹ̀.

"Mo fi í sílẹ̀," mo ní. "Ṣùgbọ́n a kì í fi ọmọ sílẹ̀ lásán. Ẹ gbọ́ májẹ̀mú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ti jẹun kí aago méje tó lù. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni ẹ ó máa fi wẹ̀ ẹ́ lálẹ́, kò gbọdọ̀ tutù. Kó tọ̀ kó tó sùn. Ẹ yí fìtílà wálẹ̀, kí ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ tì í títí yóò fi sùn lọ. Bí ó bá sùn tán, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Bó bá jí fúnra rẹ̀, ẹ gbé e sórí póò, kí ẹ má sọ̀rọ̀. Alẹ́ ọjọ́ tí agogo bá dún ní yàrá rẹ̀, mo ti padà dé nìyẹn."

Ẹ ò ní gbà á gbọ́: wòlíì mú bírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n tún ti fìtílà sọ. Motúnráyọ̀ kúnlẹ̀, ó ní àwọn á pa á mọ́, gbogbo rẹ̀ pátá. Fún oṣù kan àbọ̀ ni mo fi sọ ọ̀rọ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí ìyá, kò wọ etí ẹnikẹ́ni. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo gẹ́gẹ́ bí àjẹ́, ó di òfin.

Mo pa aṣọ tí ọmọ tọ̀ sí dà, mo di ẹrù mi. Lazarus sìn mí dé ẹ̀bá títì.

"Ìyá, ṣé lóòótọ́ ni?"

"Bóyá ọmọ sùn lálẹ́ òní ni kí o wá máa bi ara rẹ," mo ní. "Máa lọ sílé."

Ó sùn. Hàjàrá ló ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí mi. Ó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sùn lálẹ́ ọjọ́ kejì, Motúnráyọ̀ ń pa májẹ̀mú mọ́ ju bó ṣe ń pa òfin mẹ́wàá mọ́ lọ. Lazarus a máa wá kí mi lóko lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, á mú búrẹ́dì àti ṣúgà wá. Kì í jẹun níbẹ̀. Kì í mú ọmọ wá. Àwọn ará abúlé náà ti gbọ́, ẹ sì mọ bí ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ ṣe yá tó. Àwọn ìyá ọlọ́mọ a máa kí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá, wọn á sì pọn ọmọ wọn lọ.

Ó tó bí ọdún méjì kí n tó tún fojú kan Ìyanuolúwa. Mo gbé gààrí wá tà ní Mòníyà, mo sì rí wọn níwájú ẹni tó ń ta búrẹ́dì, òun àti ìyá rẹ̀. Ó ti ga, ó wọ yúnífọ́ọ̀mù, eyín iwájú rẹ̀ méjì ti yọ. Ìyá rẹ̀ ń gba ṣéńjì, kò tíì rí mi. Mi ò mọ̀gbà tí mo súnmọ́ ọn. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú wa lè ṣe déédéé.

Mo ní, "Ìyanu, ṣé o ń sùn dáadáa?"

Ó wò mí, ó wò mí, ó mọ̀ mí. Mo rí i pé ó mọ̀ mí. Ó fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, ó sì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ sínú eruku, pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, ó pa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀.

"Mo ń sùn mà," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ń sùn. Ẹ má wá."

Mo ní kò burú, kí ó dìde nílẹ̀. Mo sọ fún un pé mi ò ní wá.